Ìṣirò owó ara ẹni nínú fáìlì ọ̀rọ̀ ṣákálá: níbo ni èsúsú, àjọ àti àwìn máa bọ́ sí?

Olùkọ́_Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan níbí ní Àkúrẹ́, mo sì ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Áàpù kan lórí fóònù ni mo fi ń ṣírò owó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ṣàdédé pa á tì, gbogbo àkọsílẹ̀ mi sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo Ledger, hledger àti Beancount, àwọn ètò ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wọn ń ka fáìlì ọ̀rọ̀ ṣákálá tí èmi fúnra mi bá kọ, tí fáìlì náà á sì wà lọ́wọ́ mi kódà bí ètò tó ń kà á bá parẹ́.

Ohun tó rú mi lójú ni pé àwọn àpẹẹrẹ tí mo rí dá lórí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọ báǹkì tààrà, tó ń fi káàdì ra gbogbo nǹkan, tó sì ń ra ìpín ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti yọ tirẹ̀ kúrò kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi, mo wà nínú èsúsú àwa olùkọ́, alájọ ń gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, àwọn aládùúgbò sì ń ra ọtí láwìn. Níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí máa bọ́ sí?

Akọ́ṣẹ́_FUTA

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, Ledger ló ṣáájú. John Wiegley ló gbé e jáde ní 2003. Simon Michael bẹ̀rẹ̀ hledger ní 2007, Martin Blais ló sì ṣe Beancount. Beancount le jù wọ́n lọ: ẹ gbọ́dọ̀ kéde ìṣí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lò ó, kò sì gba àmì ₦, àfi kí ẹ máa kọ NGN. Èmi á ní kí ẹ fi hledger bẹ̀rẹ̀. Ó gba ₦, ó gba orúkọ àkáǹtì ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti máa ń fi owó ara wọn ṣòfò láìmọ̀. Ẹ gbà pé ₦180,000 ni iye tó wà lókè ìwé owó oṣù yín, tí ₦125,500 sì dé báǹkì:

```
2025-03-27 Owó oṣù kẹta
    Ohun-ìní:Báǹkì                ₦125500
    Ohun-ìní:Aláfọwọ́sowọ́pọ̀       ₦20000
    Gbèsè:Ẹ̀yáwó                   ₦25000
    Ìnáwó:Owó-orí                 ₦9500
    Owó-wíwọlé:Owó-oṣù
```

Mo fi ìlà ìkẹyìn sílẹ̀ láìní iye, nítorí ètò náà á ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlà inú àkọsílẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo tí a bá rò ó pọ̀. Ẹ wò ó pé owó-orí nìkan ni ìnáwó níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ṣì jẹ́ tiyín, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ń dín gbèsè yín kù. Ẹni tó bá ń sọ pé «₦125,500 ni wọ́n ń san fún mi» kò tíì mọ iye tí òun ń gbà.

Ohun kan tó máa ń yọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu: àlàfo méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà láàárín orúkọ àkáǹtì àti iye owó. Tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, hledger á ka iye náà mọ́ orúkọ.

Akápò_Alágbàká

Ọmọ wa ti ṣàlàyé dáadáa. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi jẹun, ẹ jẹ́ kí n mú èsúsú, nítorí òun ni mo rí pé àwọn ènìyàn ń kọ sódì jù.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn kọ owó èsúsú sí ìnáwó lóṣooṣù, kí ó sì kọ ọ́ sí owó tó wọlé lọ́jọ́ tó bá kó o. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á sọ pé ẹ tálákà fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà pé ẹ di ọlọ́rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì. Èsúsú kì í ṣe ìnáwó, kì í sì í ṣe èrè. Àkáǹtì kan ṣoṣo ló yẹ kó ní, kí ó sì máa lọ sókè sódò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni mẹ́wàá ṣe é, ₦20,000 lóṣù, tí ẹ̀yin sì kó ìkẹrin. Ní ìparí oṣù kẹta, ₦60,000 ló wà nínú `Ohun-ìní:Èsúsú`. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ló jẹ yín. Ní oṣù kẹrin ẹ dá ₦20,000, ó di ₦80,000, ẹ sì kó ₦200,000:

```
2025-04-30 Mo kó èsúsú
    Ohun-ìní:Báǹkì        ₦200000
    Ohun-ìní:Èsúsú       ₦-200000
```

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì èsúsú di ₦120,000 ní ìsàlẹ̀ òdo. Gbèsè ni, a ò sì gbọ́dọ̀ pè é ní nǹkan mìíràn. Oṣù mẹ́fà tó kù, tí ẹ máa dá ₦20,000 lóṣooṣù, ló máa dá a padà sí òdo. Ẹni tó kó èsúsú ní ìbẹ̀rẹ̀ yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn yá àwọn yòókù lówó láìgba èlé. Àwọn òbí wa mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà lórí ta ni yóò kọ́kọ́ kó o. Ohun tí fáìlì yìí ń ṣe ni pé ó ń fi nọ́ńbà hàn yín lójoojúmọ́.

Ní ti àjọ, ó yàtọ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ jẹ́ ohun-ìní yín, àfi owó ọjọ́ kan tó máa yọ fún ara rẹ̀ ní ìparí oṣù. Tí ẹ bá fi ₦1,000 sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 á padà sọ́wọ́ yín, ₦1,000 á sì bọ́ sí `Ìnáwó:Owó-alájọ`. Kò pọn dandan kí ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ kọ ọ́ lápapọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi wéra pẹ̀lú káàdì alájọ.

Oníwèé_Oǹdó

Mo ka gbogbo rẹ̀, n kò sì fẹ́ bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Àwọn ìyá wa tó ń tà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ àti ní àwọn ọjà wa ní Oǹdó níbí kò lo kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle ni mo ń lò. Iná kì í lọ lórí rẹ̀, kò ní bátìrì tó lè kú, olè kì í sì í jí ìwé. Kí ni ètò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ sí ojú kọ̀ǹpútà dúdú bẹ́ẹ̀ ń fi kún un?

Akápò_Alágbàká

Oníwèé, ìbéèrè yín tọ́, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìkọsílẹ̀ alápá méjì yìí gan-an, orí ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Luca Pacioli tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní Fẹ́níìsì ní 1494, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ti ń lò ó kí ó tó kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìwé yín lè gbé e dáadáa, tí ẹ bá ń kọ ibi tí owó ti wá àti ibi tó lọ pọ̀ nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ìwé yín léèrè báyìí: «Èló ni mo ti fi ra aṣọ ẹbí láti oṣù kìíní títí di òní, oṣù wo ló sì pọ̀ jù?» Ẹ máa ṣí ojú-ewé kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ máa rò ó, ẹ sì máa tún un rò. Nínú hledger, ìlà kan ni:

`hledger balance Ìnáwó:Aṣọ-ẹbí -M`

Ó máa to oṣù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé dára fún kíkọ. Ìbéèrè ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Oníwèé_Oǹdó

Ti aṣọ ẹbí yẹn wọ̀ mí lára, ẹ kò ṣèèṣì mú un. Síbẹ̀ n kò tíì gbà tán. Ìwé ni n ó ṣì máa kọ sí ní ìsọ̀.

Aránṣọ_Arákalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí Oníwèé máa kọ ọ́ sínú ìwé ní ìsọ̀, kí ó sì kó o sínú fáìlì lálẹ́ Sátidé. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọwọ́ tó wà lára aṣọ kò lè máa tẹ fóònù.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Tí oníbàárà bá san àsansílẹ̀ fún aṣọ Kérésì, owó yẹn kì í ṣe èrè mi lọ́jọ́ náà. Mo jẹ ẹ́ ní aṣọ. Nítorí náà, ₦15,000 tó san wọ `Ohun-ìní:Àpò`, ó sì jáde láti `Gbèsè:Àsansílẹ̀`. Ọjọ́ tó bá gba aṣọ rẹ̀, tó sì san ₦10,000 tó kù, ni mo tó kọ ìdá tó jẹ́ iṣẹ́ mi:

```
2025-12-20 Aṣọ oníbàárà, ó ti gbà á
    Ohun-ìní:Àpò            ₦10000
    Gbèsè:Àsansílẹ̀          ₦15000
    Owó-wíwọlé:Ìránṣọ
```

Kí n tó máa ya á sọ́tọ̀ báyìí, oṣù kọkànlá máa ń dà bí ẹni pé owó ń ya wọlé, oṣù kejìlá á sì gbẹ. Nísinsin yìí tí mo bá wo iye tó wà nínú `Gbèsè:Àsansílẹ̀`, mo mọ iye aṣọ tó wà lọ́rùn mi, mo sì mọ ìgbà tó yẹ kí n sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kò sí àyè mọ́.

Àwìn ti Olùkọ́ jẹ́ òdìkejì tèmi. Àwọn ló jẹ yín, nítorí náà `Ohun-ìní:Àwìn` ni, kí ẹ sì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì kékeré tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ o, ìnagijẹ tó.

Olùkọ́_Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, àti ìwọ àbúrò mi. Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan méjì ló sì ń yọ mí lẹ́nu. Èkíní, oúnjẹ jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àbọ̀ ìṣirò, `Ìnáwó:Oúnjẹ` àti `Ìnáwó:Oúnjẹ`, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Èkejì, owó inú àpò mi kì í bá ti inú fáìlì dọ́gba, nítorí n kì í rántí gbogbo ọ̀kadà àti gbogbo omi inú ọ̀rá.

Akọ́ṣẹ́_FUTA

Mà, ó dà bí ẹni pé ẹ kọ ọ̀kan lórí fóònù, ẹ sì kọ èkejì lórí kọ̀ǹpútà. Ojú wa ń rí ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń rí méjì. Lẹ́tà ẹ wa lè jẹ́ àmì ẹyọ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ní àmì tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ e lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ lé lẹ́yìn; pátákó ìtẹ̀wé kan ń ṣe ti àkọ́kọ́, òmíràn ń ṣe ti èkejì. Ó tún burú sí i fún ẹ́ àti ọ̀, tí kò ní àmì ẹyọ kan rárá pẹ̀lú ohùn lórí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí, nítorí náà ẹ kò ní rí i nínú ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ máa kà.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ kéde gbogbo àkáǹtì yín, àti àmì owó ₦, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè fáìlì, kí ẹ sì máa fi `-s` kún àṣẹ yín. Tí àkáǹtì kan tí ẹ kò kéde bá yọjú, hledger á kọ̀, á sì sọ ìlà tó wà fún yín. Níbi ìkéde náà ni ẹ ti máa sọ irú àkáǹtì tí ó jẹ́, nítorí ètò náà mọ àwọn orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, kò sì mọ ti Yorùbá àfi tí ẹ bá sọ fún un:

```
commodity ₦1000.00
account Ohun-ìní  ; type: A
account Gbèsè  ; type: L
account Ìpìlẹ̀  ; type: E
account Owó-wíwọlé  ; type: R
account Ìnáwó  ; type: X
account Ìnáwó:Oúnjẹ
account Ìnáwó:Aláìnídìí
```

Àwọn ọmọ abẹ́ ń jogún irú òbí wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kéde àwọn náà tí ẹ bá fẹ́ lo `-s`. Láìsí àwọn `type` yìí, `hledger bs` (àbọ̀ ohun-ìní àti gbèsè) àti `hledger is` (àbọ̀ owó tó wọlé àti ìnáwó) á jáde lófìfo, ẹ ó sì rò pé fáìlì yín ti bàjẹ́.

Ti owó àpò rọrùn. Ẹ ka ohun tó wà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ iye náà pẹ̀lú àmì `=`, kí ètò fúnra rẹ̀ wá ìyàtọ̀:

```
2025-05-17 Mo ka owó àpò
    Ohun-ìní:Àpò          = ₦3500
    Ìnáwó:Aláìnídìí
```

Akápò_Alágbàká

Níbi yìí ni èmi àti Akọ́ṣẹ́ ti yapa díẹ̀. Fún owó àpò, ó bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún báǹkì láé. Tí ẹ bá jẹ́ kí ètò dí àlàfo báǹkì fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò máa bo àṣìṣe yín àti àṣìṣe báǹkì mọ́lẹ̀. Ní ti báǹkì, ẹ kọ iye tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ wá kọ `=` àti iye tí báǹkì sọ pé ó ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọn kò bá dọ́gba, hledger á pariwo, ìwádìí á sì bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí ìyàtọ̀ ti sábà máa ń wá ni owó kéékèèké tí wọ́n ń yọ. Ìtọ́sọ́nà báǹkì àgbà ilẹ̀ wa ti 2020 fi ₦10 sí orí owó tí a fi ránṣẹ́ tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 sí orí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000, àti ₦50 sí orí èyí tó ju ìyẹn lọ. Ẹ wá fi owó-orí ọjà 7.5% kún un: ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ₦26.88, tí ẹnikẹ́ni kì í lè ṣàlàyé. Yàtọ̀ sí èyí, ₦50 ti ìjọba wà lórí owó tó bá tó ₦10,000. Ẹ ṣí `Ìnáwó:Báǹkì` fún gbogbo wọn.

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ìdànrè

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ṣé owó nìkan ni ètò yìí lè kà? Oko kòkó bàbá wa ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń bójú tó. Kílò ni a fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe náírà, iye tí kílò ń jẹ́ sì ń yí padà kí a tó ta á.

Akọ́ṣẹ́_FUTA

Ó lè ka ohunkóhun tí ẹ bá fún ní orúkọ: kílò kòkó, dọ́là, àpò símẹ́ǹtì. Ẹ gbà pé ẹ wọn 180 kílò kòkó gbígbẹ nílé, tí òṣùwọ̀n ẹni tó rà á sì sọ pé 174, ní ₦4,000 fún kílò kan:

```
2025-10-18 Kòkó gbígbẹ, a wọ̀n ọ́n nílé
    Ohun-ìní:Kòkó          180 kg
    Owó-wíwọlé:Oko

2025-10-25 A ta kòkó
    Ohun-ìní:Kòkó         -174 kg @ ₦4000
    Ohun-ìní:Báǹkì         ₦696000

2025-10-25 Ohun tó dín
    Ohun-ìní:Kòkó           -6 kg
    Ìnáwó:Àdánù-ìwọ̀n
```

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ìdànrè

Ìlà ìkẹyìn yẹn ni mo ń wá. Kílò mẹ́fà yẹn, a máa ń sọ pé omi ló gbẹ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Tí mo bá rí i lápapọ̀ fún gbogbo àsìkò, tí mo sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń rà lọ́wọ́ wa ní àkáǹtì àdánù tirẹ̀, a ó mọ̀ bóyá omi ni tàbí òṣùwọ̀n.

Akápò_Alágbàká

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì ní fáìlì tirẹ̀, kí kálukú máa kọ tirẹ̀, kí ẹ ní ẹ̀kẹta tí ìlà méjì péré wà nínú rẹ̀, `include` àti orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo oko á ka ẹ̀kẹta, ẹnì kankan kò sì ní fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ẹnì kejì.

Olùkọ́_Ìjàpọ̀

Mo ti kéde àwọn àkáǹtì, oúnjẹ sì ti di ọ̀kan. Ìbéèrè tó kù: owó tó ti wà ní báǹkì àti lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé kí n padà lọ kọ gbogbo bí wọ́n ṣe wọlé?

Akápò_Alágbàká

Rárá o. Ẹ yan ọjọ́ kìíní oṣù, kí ẹ kọ ohun tó wà ní ibi kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, gbèsè pẹ̀lú, kí `Ìpìlẹ̀`, àkáǹtì tó dúró fún ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, gba ìyókù. Fún èsúsú, iye tí ẹ ti dá ni ẹ máa kọ tí ẹ kò bá tíì kó. Tí ẹ bá ti kó, ẹ kọ iye tó kù tí ẹ máa dá, ní ìsàlẹ̀ òdo. Tí ẹ bá wá rántí owó kan lẹ́yìn náà, bóyá èyí tí ẹ yá ẹnìkan lọ́dún tó kọjá, ẹ fi kún àkọsílẹ̀ yẹn kan náà pẹ̀lú ọjọ́ yẹn kan náà.